Ẹjọ́ Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà: Ẹ̀sùn ọdún 1874 àti ẹ̀sùn inú ìwé

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún ọdún 1874, àwọn ìjòyè Ìbàdàn rọ Ìyálóde wọn lóyè. Nígbà tí oṣù kẹfà ọdún náà yóò fi parí, wọ́n ti pa obìnrin náà lóru, nínú yàrá ara rẹ̀. Ẹfúnṣetán Aníwúrà ni orúkọ rẹ̀. Bí a bá bi ẹni tí ó ka Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama léèrè irú ikú tí ó pa Ẹfúnṣetán, ó ṣeé ṣe kí ó dáhùn láìronú pé májèlé ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé jẹ, lẹ́yìn tí Ààrẹ Látóòsà, olórí Ìbàdàn, kó ogun wọ ilé rẹ̀ nítorí ìyà tí ó fi ń jẹ àwọn ẹrú. Ìdáhùn yẹn bá eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí a kà, mu, ṣùgbọ́n kò bá ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn mu. Nínú àkọsílẹ̀ yìí, mo fẹ́ to ọ̀rọ̀ náà bí ó ti ṣẹlẹ̀, kí n sì tún to bí ìwé ṣe gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, nítorí pé obìnrin tí a mọ̀ sí òǹrorò jù lọ nínú ìwé Yorùbá ni wọ́n dá lẹ́jọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀sùn ìgbà àkọ́kọ́ kò sì jọ ti ìgbà kejì rárá.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni Ẹfúnṣetán láti ìdílé baba rẹ̀, Ògúnrìn. Ìbàdàn tí ó wá fi ṣe ibùgbé kì í ṣe ìlú ọlọ́ba. Ibùdó ogun ni, tí àwọn jagunjagun láti oríṣiríṣi ìlú tẹ̀dó sí ní nǹkan bí ọdún 1829, tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní akin, tí ó ní ọmọ ogun, tí ó sì ní owó sì lè gòkè níbẹ̀ láìka ibi tí wọ́n gbé bí i sí. Ọ̀nà akin wà fún ọkùnrin. Ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ fún obìnrin ni òwò, Ẹfúnṣetán sì gba ọ̀nà náà débi tí ọkùnrin díẹ̀ ni ó lè bá a dé. Ó ní oko ńlá mẹ́ta, àwọn ẹrú tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òpìtàn fi ń kà wọ́n ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ó ń tà, ó ń rà, láti Ìbàdàn títí dé àwọn ìlú etí òkun. Nígbà tí ó fi di nǹkan bí ọdún 1867, òun ni wọ́n fi jẹ Ìyálóde, tí ó jẹ́ ẹnì kejì tí ó jẹ oyè náà ní Ìbàdàn lẹ́yìn Ṣubúọlá.

Kí ọ̀rọ̀ tí ó ń bọ̀ tó lè yé wa, ó yẹ kí a mọ ohun tí Ìyálóde ń ṣe fún ìlú bí Ìbàdàn. Kì í ṣe olórí ọjà lásán. Ó wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú, òun ni ohùn àwọn obìnrin níbẹ̀, wọ́n sì retí pé kí ó dá sí ọ̀rọ̀ ogun gẹ́gẹ́ bí àwọn ìjòyè yòókù ti ń dá sí i. Ìjòyè ogun kọ̀ọ̀kan ni ó ń bọ́ àwọn ọmọ ogun tirẹ̀, òun ni ó sì ń wá ìbọn, ẹ̀tù àti ọta fún wọn. Etí òkun ni ìbọn àti ẹ̀tù ti ń wá, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà dé Ìbàdàn kọjá ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá tàbí ti Ìjẹ̀bú. Ọ̀pọ̀ ìjòyè kò ní owó tí yóò fi ra gbogbo ẹrù yìí lọ́wọ́ kan náà. Àwìn ni wọ́n ń rà á, lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ńlá, Ẹfúnṣetán sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Bí ogun bá ṣẹ́, tí wọ́n kó ẹrú àti ìkógun bọ̀ wálé, wọn a san án. Bí ogun kò bá mú nǹkan wá ńkọ́? Gbèsè a wà ní ọrùn ìjòyè, ẹni tí ó sì jẹ ẹ́ ní gbèsè ni yóò jókòó tì í nínú ìgbìmọ̀.

Oríkì rẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Àwọn tí ń kì í sọ ọ́ gbangba pé ọrọ̀ rẹ̀ ju ti Ààrẹ lọ, pé ó ní ẹ̀tù, ó ní ọta, ó sì ní ìbọn pẹ̀lú, àti pé jìnnìjìnnì rẹ̀ ń mú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Oríkì ni, a sì mọ̀ pé oríkì a máa pọ́n ènìyàn lé, ṣùgbọ́n kí a fi ọrọ̀ obìnrin wé ti olórí ìlú ní ojúde, kí a sì sọ pé ti obìnrin ni ó pọ̀ jù, ó tó ohun tí olórí ìlú yóò fi kọminú.

Ọdún 1860 ni ohun búburú kan ṣẹlẹ̀ sí i. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí kú níbi ìkúnlẹ̀. Láti ìgbà náà, gẹ́gẹ́ bí òpìtàn Samuel Johnson ṣe kọ ọ́, ìwà rẹ̀ yí padà sí àwọn ẹrúbìnrin tí ó bá lóyún nínú ilé rẹ̀. Ó ń fi ipá ba oyún wọn jẹ́, ó sì ń lo ọ̀nà ìkà láti ṣe é. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó fẹ́ gbèjà Ẹfúnṣetán fo ibi yìí kọjá, nítorí pé ọ̀dọ̀ òpìtàn tí ó sún mọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni ó ti wá. Ọ̀dọ́ olùkọ́ ni Johnson nígbà tí wọ́n pa Ẹfúnṣetán, Ìbàdàn sì ni iṣẹ́ ìjọ CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti gbé e sí. Ó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní ọdún 1897; àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ sọnù lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àbúrò rẹ̀, Obadiah, ni ó tún un kọ lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìwé náà sì jáde ní ọdún 1921. Ènìyàn lè sọ pé ojú oníwàásù ni Johnson fi wo ìlú tí kò tíì gba ìgbàgbọ́, mo sì gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀ ní ibòmíràn nínú ìwé náà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò fi ìwà ìkà obìnrin náà pamọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò fi ìwà àwọn tí wọ́n pa á pamọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbára lé e.

Ní ọdún 1871 ni Látóòsà di olórí Ìbàdàn, ó sì gba oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Ẹni tí ó bá ka bí ìjọba rẹ̀ ṣe lọ yóò rí i pé kì í ṣe Ẹfúnṣetán nìkan ni apá rẹ̀ kò gbà kí ó dúró. Ààjéǹkù, ìjòyè ńlá, ṣubú lábẹ́ rẹ̀. Ìyápọ̀ tí ó jẹ́ Sẹ́ríkí náà ṣubú. Ẹni tí ó bá lówó, tí ó ní ọmọ ogun tirẹ̀, tí kò sì tẹríba tó bí Ààrẹ ṣe fẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pẹ́ kí ó tó dé iwájú ìgbìmọ̀. Òṣèlú Ìbàdàn nígbà náà fẹ́ràn ogun jíjà sí ìhà gbogbo, ogun jíjà sí ìhà gbogbo sì túmọ̀ sí kí àwọn ọ̀nà etí òkun máa dí. Ẹni tí oko rẹ̀ ń so, tí ẹrù rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá kọjá, kò lè máa yọ̀ sí irú òṣèlú bẹ́ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́, òpìtàn tí ó yẹ ọ̀rọ̀ Ìyálóde yìí wò ju ẹnikẹ́ni lọ ní ayé òde òní, fi yé wa pé àríyànjiyàn tí ó wà láàárín Ẹfúnṣetán àti Látóòsà kì í ṣe ìjà abẹ́lé rárá. Ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni, ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò pàṣẹ fún ẹnì kejì sì ni pẹ̀lú. Gbèsè àwọn ìjòyè ti ga; Ìyálóde kò fẹ́ fi ẹ̀tù kún ẹ̀tù mọ́ fún àwọn tí kò san ti àtẹ̀yìnwá.

Nígbà tí Ààrẹ ti ojú ogun dé ní ọdún 1874, ó fi ẹ̀sùn mẹ́ta kan Ìyálóde. Johnson to wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, ó sì yẹ kí a kà wọ́n pẹ̀lú sùúrù. Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ ni pé kò bá Ààrẹ lọ sí ogun náà. Èkejì ni pé kò fi ohunkóhun ránṣẹ́ sí i ní gbogbo ìgbà tí ó wà lójú ogun. Ẹ̀kẹta ni pé kò fúnra rẹ̀ jáde lọ sí ẹ̀yìn odi láti pàdé rẹ̀, kí ó sì bá a yọ̀ pé ó padà ní àlàáfíà.

Kò sí ọ̀rọ̀ ẹrú kankan nínú ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí aláboyún kan níbẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí ìkà tí Ẹfúnṣetán ń ṣe nínú ilé rẹ̀ bá jẹ́ ohun tí gbogbo Ìbàdàn mọ̀, tí Johnson sì mọ̀ débi pé ó kọ ọ́ sílẹ̀, a jẹ́ pé ìgbìmọ̀ náà mọ̀ ọ́n, ó sì dákẹ́ lórí rẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá. Ìdákẹ́jẹ́ náà kò yani lẹ́nu, nítorí ẹrú ni gbogbo àwọn tí ó jókòó sínú ìgbìmọ̀ fi ń jẹun, ẹrú ni wọ́n sì ń tìtorí rẹ̀ lọ sójú ogun. Bí wọ́n bá sọ pé ohun tí ènìyàn ń ṣe sí ẹrú rẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀ lè mú kí a rọ̀ ọ́ lóyè, ta ni ìjòyè tí yóò sùn tí yóò jí pẹ̀lú oyè rẹ̀ ní Ìbàdàn ọdún 1874? Ohun tí wọ́n lè fi kàn án láìfọwọ́ kan ara wọn ni pé ó dá owó dúró, ó dá ọmọ ogun dúró, kò sì lọ forí balẹ̀. Wọ́n bu owó ìtanràn lé e, ó sì san án, síbẹ̀ kò tẹ́ Ààrẹ lọ́rùn. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi Ìyáọlá jẹ Ìyálóde dípò rẹ̀.

Àwọn mìíràn lè rò pé ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Obìnrin tí kò ní oyè mọ́, tí ó ti san owó ìtanràn, kí ni ó tún kù tí ó fi lè dẹ́rù ba Ààrẹ? Ọrọ̀ rẹ̀ ni ó kù, àti gbèsè tí ó wà lọ́rùn àwọn ènìyàn. Ẹfúnṣetán mọ̀ pé wọ́n ń wá ikú òun, ó sì ń ṣọ́ra. Ẹni tí wọ́n rí lò ni Kúmúyìlọ, ọmọ tí ó fi ṣe ọmọ nínú ilé ara rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé òun ni ó ṣeé ṣe kí ó jogún rẹ̀. Ààrẹ fi owó fà á mọ́ra. Kúmúyìlọ bá ẹrú méjì nínú ilé náà sọ̀rọ̀, ní òru ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ni àwọn méjèèjì sì gba inú àjà sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá tí Ẹfúnṣetán sùn sí, wọ́n sì pa á.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Ìlú mọ̀ pé ikú yìí kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run, àwọn Ẹ̀gbá tí ó ka olóògbé náà sí ọmọ wọn kò sì gbà kí ó lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìwádìí bẹ̀rẹ̀, gbogbo ọ̀nà ń tọ́ka sí ilé Ààrẹ, ṣùgbọ́n ìwádìí kì í gun àtẹ̀gùn dé ibi gíga bẹ́ẹ̀ ní ìlú tí ẹni tí a ń wádìí jẹ́ olórí àwọn tí ń wádìí. Àwọn ẹrú méjèèjì ni wọ́n dá lẹ́bi, wọ́n sì pa wọ́n ní gbangba. Látóòsà ń bá ìjọba rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1877, ogun rẹ̀ kọjú sí àwọn Ẹ̀gbá, àwọn ọ̀nà dí gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣòwò ti ń bẹ̀rù, ogun Kírìjí sì bẹ̀rẹ̀ ní ìhà ìlà oòrùn, èyí tí kò tán pátápátá títí di ọdún 1893. Ibùdó ogun náà ni Ààrẹ kú sí ní ọdún 1885.

Ìdájọ́ kìíní parí síbẹ̀. Ìdájọ́ kejì bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún ó lé lẹ́yìn náà, ní Yunifásítì Ìbàdàn, ọwọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ni ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tí wọ́n bí ní abúlé Làbọ̀dé lẹ́bàá Ìbàdàn ní ọdún 1939, kọ eré onítàn kan nípa Ẹfúnṣetán ní àkókò tí ó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́, ní 1961 sí 1962. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1970. N kò rò pé eré Yorùbá mìíràn wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kà ju èyí lọ. Ó dára gan-an. Èdè rẹ̀ mú, ìjà ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń mú kí ọkàn ẹni tí ó ń kà á máa lù kìkì, obìnrin tí ó dá kalẹ̀ níbẹ̀ sì tóbi lójú débi pé ẹni tí ó bá ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé rẹ̀ mọ́. Ibi tí ó dára sí gan-an ni ìṣòro rẹ̀ wà.

Nínú eré náà, òfin Ìyálóde ni gbogbo ọ̀rọ̀ rọ̀ mọ́: ẹrúbìnrin rẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ lóyún, ẹrúkùnrin rẹ̀ kankan kò sì gbọdọ̀ fún obìnrin lóyún, ikú ni ìjìyà rẹ̀. Adétutù, ọ̀kan nínú àwọn ẹrúbìnrin náà, lóyún. Àwọn ènìyàn ń bẹ̀bẹ̀, Ìyálóde kọ̀ jálẹ̀. Nígbẹ̀yìn, Látóòsà àti àwọn ìjòyè dìde sí i, agbára oògùn rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́, wọ́n mú un. Ẹfúnṣetán fi májèlé pa ara rẹ̀ kí ó má baà gbé nínú ìtìjú. Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó yí padà. Ìkà sí ẹrú, tí kò sí nínú ẹ̀sùn ọdún 1874, ti di gbogbo ẹ̀sùn. Gbèsè, ẹ̀tù, àwìn àti ọ̀nà etí òkun, tí wọ́n jẹ́ gbòǹgbò ìjà náà, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nínú eré. Kúmúyìlọ kò sí níbi ikú yẹn. Kò sí ẹrú tí ó gba inú àjà wọlé. Ìpànìyàn ti di ìpara-ẹni. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn, lójú tèmi, ni pé Látóòsà, tí ó ń jagun kó ẹrú títí ó fi kú, ti di ẹni tí ó dá àwọn ẹrú sílẹ̀.

Èmi kò ní Ìṣọ̀lá ṣe àìdáa. Eré ni ó kọ, eré kì í sì í ṣe ìwé ẹ̀rí ilé-ẹjọ́. Ẹni tí ó fẹ́ kọ eré àdánù nípa ẹni ńlá tí àṣejù rẹ̀ gbé ṣubú kò lè fi ọ̀rọ̀ àwìn ẹ̀tù kún orí ìtàgé wákàtí méjì, bẹ́ẹ̀ ni ikú láti inú àjà, tí ẹni tí ó kú ń sùn, kò fún òṣèré ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn kankan láti sọ. Májèlé ni ó fún un ní ọ̀rọ̀. Ó sì tún mú ohun kan jáde tí Johnson kò fi ju gbólóhùn díẹ̀ tọ́ka sí: ó fún àwọn ẹrú ní orúkọ àti ohùn, ó jẹ́ kí a gbọ́ ìfẹ́ wọn àti ẹ̀rù wọn. Ìwé ìtàn tí ó ka ẹrú ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kò lè ṣe èyí. Ẹjọ́ mi kì í ṣe sí ẹni tí ó kọ eré náà, bí kò ṣe sí àwa tí a kà á, tí a gbàgbé pé eré ni, tí a sì ń sọ ọ́ fún ọmọ gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìlú Ìbàdàn.

Bí ó sì ṣe gba ọkàn wa kò ṣẹ̀yìn orí ìtàgé. Ẹgbẹ́ òṣèré Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá gbé eré náà kiri, Ìyábọ̀ Ògúnṣọlá sì ni ó ń ṣe Ẹfúnṣetán. Ní ọdún 1981 ni wọ́n ṣe é ní pápá ìṣeré Olúbàdàn, níwájú èrò tí wọ́n ka iye wọn sí 14,000. Bánkọ́lé Bello sì darí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí fíìmù ní sáà náà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá ènìyàn ní Ìbàdàn, nínú ìlú tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, jókòó wo Ìyálóde wọn tí ó gbé májèlé jẹ. N kò mọ ìwé ìtàn tí ó lè bá irú èyí figagbága. Nígbà tí ìwé Awẹ́ lórí ìtàn àwọn obìnrin Nàìjíríà, tí ó fi orí kan sọ ti Ẹfúnṣetán, fi máa jáde ní ọdún 1992, májèlé náà ti wà nínú orí àwọn ènìyàn fún ogún ọdún ó lé, èdè Gẹ̀ẹ́sì tí Awẹ́ sì fi kọ tirẹ̀ kò dé ibi tí Yorùbá Ìṣọ̀lá dé.

Ẹ̀rí kan wà tí ó máa ń jẹ́ kí n ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ìṣọ̀lá kan náà kọ eré mìíràn, tí ó jáde ní ọdún 1983, nípa Ẹfúnróyè Tinúubú. Àwọn obìnrin méjèèjì jọ ara wọn púpọ̀. Ẹ̀gbá ni wọ́n ti ṣẹ̀. Òwò ni wọ́n fi ga, ìbọn, ẹ̀tù àti ẹrú sì wà nínú òwò náà. Àwọn méjèèjì jẹ Ìyálóde, ọ̀kan ní Ìbàdàn, èkejì ní Abẹ́òkúta. Àwọn méjèèjì ni ó bá ọkùnrin tí ó ní àṣẹ kọlu ara wọn. Ní ọdún 1856, Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, mú kí wọ́n lé Tinúubú kúrò ní Èkó, ó sì lọ fi Abẹ́òkúta ṣe ibùgbé, níbi tí ohun ìjà tí ó pèsè ti ran àwọn Ẹ̀gbá lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ará Dàhómì kọlù wọ́n ní ọdún 1864. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọdún 1887, orúkọ rẹ̀ sì wà ní àárín gbùngbùn Èkó títí dòní olónìí. Nínú eré Ìṣọ̀lá, Tinúubú jẹ́ akọni tí ó dúró fún ìlú rẹ̀. Àwọn ẹrú tí ó rà tí ó sì tà kò di ẹ̀sùn tí a fi gbé e ṣubú.

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ náà? Mo gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn aláboyún wà níbẹ̀, irú ìkà tí ó ta yọ. Ṣùgbọ́n kò tó láti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Ẹni tí Tinúubú bá jà ni òyìnbó, ìlú tí ó gbà á lẹ́yìn sì ṣẹ́gun; àwọn tí ó ṣẹ́gun náà ni ó ń sọ ìtàn rẹ̀. Ẹni tí Ẹfúnṣetán bá jà ni olórí ìlú ara rẹ̀, ó sì ṣubú, kò sì ní ọmọ tí yóò dúró sọ tirẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ti kú ní ọdún 1860, ọmọ tí ó gbà tọ́ sì ni wọ́n fi pa á. Nínú irú ipò bẹ́ẹ̀, ẹ̀rí tí ó bá ṣẹ́ kù nípa ènìyàn ni èyí tí ó wù àwọn ọ̀tá rẹ̀ láti fi sílẹ̀, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá sì ni gbogbo wa di láìmọ̀.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti yí ìdájọ́ náà padà pátápátá ní ọdún àìpẹ́ yìí. Wọ́n ń pe Ẹfúnṣetán ní akọni obìnrin tí àwọn ọkùnrin jowú rẹ̀, ère rẹ̀ sì dúró ní oríta Challenge ní Ìbàdàn. Èyí náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Pé ẹ̀sùn Látóòsà jẹ́ ti òṣèlú kò sọ pé oyún tí wọ́n fi ipá bàjẹ́ nínú ilé Ìyálóde kò ṣẹlẹ̀. Ìwé kan náà tí ó jẹ́ kí a mọ ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó jẹ́ kí a mọ ìkà náà. A kò lè gba apá kan kí a kọ apá kejì nítorí pé ó bà wá lójú jẹ́. Wọ́n jọ jẹ́ òtítọ́: ó ṣe ìkà sí àwọn ẹrú, wọn kò sì pa á nítorí rẹ̀.

Àwọn tí ó fara gbá gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ náà jù, lójú mi, kì í ṣe Ìyálóde, kì í sì í ṣe Ààrẹ. Ẹrú méjì tí wọ́n rán sínú àjà ni. Bí wọ́n bá kọ̀ fún Kúmúyìlọ, ewu wà. Bí wọ́n bá gbà, ewu wà. Wọ́n gbà, wọ́n ṣe iṣẹ́ tí àwọn ẹni ńlá fẹ́ kí a ṣe, àwọn nìkan ni wọ́n sì fi ẹ̀mí wọn dí i. Eré Ìṣọ̀lá, pẹ̀lú gbogbo àánú tí ó ní fún ẹrú, kò ní ààyè fún àwọn méjì yìí, nítorí pé májèlé ti gba iṣẹ́ wọn ṣe. Àwọn tí ń gbé Ẹfúnṣetán ga lónìí kò dárúkọ wọn pẹ̀lú, nítorí pé apànìyàn ni wọ́n jẹ́ nínú ìtàn náà.

Bí ọ̀rọ̀ bá tún kan kíkọ́ àwọn ọmọ ní ìwé yìí, n kò ní sọ pé kí a yọ eré náà kúrò. Kí wọ́n kà á, kí wọ́n sì gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ ka ẹ̀sùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ọdún 1874 sí wọn létí kí wọ́n tó ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, kí ó sọ fún wọn nípa àwìn ẹ̀tù àti nípa Kúmúyìlọ, nígbà tí wọ́n bá sì dé ibi tí Ìyálóde ti gbé májèlé jẹ, kí ó bi wọ́n léèrè ta ni irú ikú bẹ́ẹ̀ ṣe láǹfààní.